Ọdún tí Mo Ń Pe Bàbá Mi

Ohùn tó pọ̀ jù nínú agbo ilé wa lọ́dún náà, ohùn mi ni. Kì í ṣe ohùn odó, bẹ́ẹ̀ odó kì í sinmi nílé wa, nítorí pé iyán ni Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń jẹ ní gbogbo alẹ́, kò sì gbà kí wọ́n fi oúnjẹ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe ohùn ewúrẹ́, kì í sì í ṣe ti ọ̀bẹ àwọn obìnrin tí ń bẹ iṣu èlùbọ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Èmi ni. Bí mo bá ti lajú láàárọ̀, màá pariwo, "Bàbá!" Bàbá mi á dáhùn níbikíbi tó bá wà, "Mo wà ńbí, Dúpẹ́." Bí mo bá mu omi tán, màá tún pè é. Bí mo bá wọ yàrá, bí mo bá jáde, bí wọ́n bá ń dirun fún mi, bí mo bá ń lọ tọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, màá pè é. Bí ìdáhùn bá pẹ́ díẹ̀, màá bú sẹ́kún débi pé gbogbo ilé á dà síta. Àwọn ọmọ ilé sọ mí ní Agbèrò, nítorí pé igbe mi jọ ti àwọn tí ń pe èrò ní gáréèjì. Wọn kò fi ibi sọ ọ́. Ó ti sú wọn ni. Ó ti sú èmi náà, ṣùgbọ́n n kò mọ bí mo ṣe lè dákẹ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan, bọ̀lẹ́kájà, ni bàbá mi ní. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn nílẹ̀ yìí, tí àwọn ará Ọ̀mù-Àrán tó wà l'Ékòó ń wálé wá kọ́ ilé alájà, sìmẹ́ńtì àti iyanrìn ni ó fi ń kó láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tó yá, ilé kíkọ́ dúró lójijì, ṣúgà àti mílíìkì di ohun tí à ń tò fún, bàbá mi sì kan bẹ́ńṣì sẹ́yìn ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọlọ́jà. Lọ́jọ́ ọjà Àjàṣẹ́ kan, lẹ́yìn tí mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó mú mi dání. Iwájú ni mo jókòó sí, láàrin òun àti obìnrin kan tó gbé àpò ata gbígbẹ sórí ẹsẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ la ń bọ̀ wálé, òjò sì ń rọ̀. Bí a ti ń sún mọ́ Òrò, ọkọ̀ yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó kúrò lójú títì, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú kòtò. Àpò ata bẹ́. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n. Ata gba ojú mi, ó gba imú, ó gba ọ̀fun. N kò lè lajú, èémí mi kò já gaara, gbogbo èrò ń wúkọ́, wọ́n ń ké, mo wá ń pe bàbá mi. Mo pè é, mo pè é, mo pè é. Kò dáhùn.

Kò sí ẹni tó kú. Obìnrin aláta náà kán lápá, apá náà sì jinná. Bàbá mi fi àyà àti ẹnu gbá sítíárìn, eyín rẹ̀ kan yọ, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti ń sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, Ìyá àgbà jó títí ìró rẹ̀ fi fẹ́ tú, wọ́n pa àkùkọ, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí mo ti dàgbà tó yìí, tí mo ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì, mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti wá. Nítorí pé kò sí òkú, kò sí ẹni tó rò pé ohun kan ṣẹ́ kù. Gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń sọ fún mi pé kí n dúpẹ́, orúkọ mi sì ni Dúpẹ́, mo sì ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n bí alẹ́ bá lẹ́, màá tọ̀ sórí ẹní bí ọmọ ọwọ́.

Báyìí ni ilé wa ṣe yí padà. Bí mo bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, abẹ́ tábìlì ni wọ́n á ti wá mi. N kò lè fara da òórùn ata, nítorí náà ìkòkò ọbẹ̀ méjì ni ìyá mi ń gbé kaná, ọ̀kan ti gbogbo ilé, ọ̀kan tèmi tí kò ní ata rárá, tí Ìyá àgbà ń pè ní omi ìfọwọ́. N kò lọ sí ilé-ìwé mọ́. Bí bàbá mi bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, èmi náà á di aṣọ rẹ̀ mú tẹ̀ lé e. Wọ́n tún bọ̀lẹ́kájà náà ṣe tán, wọ́n wọ́ ọ wálé, ó sì dúró lábẹ́ igi máńgòrò tí adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ní torí tèmi ni òun kò fi gbé e jáde. Èlùbọ́ tí ìyá mi ń ṣe ni a ń jẹ. Láàárọ̀, ariwo ọ̀bẹ lára iṣu. Lọ́sàn-án, òórùn iṣu bíbọ̀ nínú àwọn ìkòkò ńlá. Ìrọ̀lẹ́, a ó máa kó èyí tó ti gbẹ kúrò lórí àpáta kí ìrì má bàa sẹ̀ sí i. Ìyá mi di tín-ín-rín. N kò rí i nígbà náà. Inú fọ́tò kan tó kù lọ́wọ́ mi ni mo ti rí i.

Ní ti Ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà kò ṣòro lójú tirẹ̀. "Àlàó," a máa sọ fún bàbá mi, "tà á. Irin ni. Tà á, kí o ra oko sí i, kí Àdùkẹ́ mi lè sùn." Àdùkẹ́ ni oríkì mi. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì, àwọn kan ní ààfáà kan wà ní Ìlọrin. Ìyá mi gbọ́ tiwọn, kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n nítorí títọ̀ tí mo ń tọ̀ sílé, ọsibítù ló mú mi lọ, bàbá mi sì ní láti tẹ̀ lé wa, nítorí pé n kò ní lọ láìsí i.

Obìnrin tó rí wa níbẹ̀, ará Ìjàrà-Ìsin ni. Nọ́ọ̀sì Ìjàrà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó sanra díẹ̀, kì í yára sọ̀rọ̀. Ó bi ìyá mi bóyá mo ti ń tọ̀ sílé tẹ́lẹ̀.

"Ó ti jáwọ́ tipẹ́, mà. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ̀ ṣubú ló tún bẹ̀rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo ọwọ́ mi tó di ẹ̀wù bàbá mi mú. Ó ní, "Ẹ̀rù ló wà lára ọmọ yìí. N kò ní abẹ́rẹ́ tí mo lè gún fún un. Bí mo bá sì dá a dúró síbí, ṣe ni yóò pọ̀ sí i. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa tọ́jú rẹ̀. Màá máa kọ́ yín, ẹ máa wá rí mi ní gbogbo ọjọ́ ọjà."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, awakọ̀ ni mí o."

"Mo mọ̀. Ṣé ẹ ti tún wa ọkọ̀ láti ìgbà náà?"

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mi orí pé rárá.

"Ó dáa," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ṣé ẹ mọ eré ọmọdé ṣe?"

Ohun tó kọ́ wọn, ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo bí àkọ́bí tèmi. Ó ní kí bàbá mi máa jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú mi lójoojúmọ́, nígbà tí iṣẹ́ ilé bá fúyẹ́, kí ó máa ṣe eré tí mo bá yàn. Kí ó má kọ́ mi ní nǹkan kan, kí ó má bá mi wí, kí ó má ṣe bi mí ní ìbéèrè. Kí ó ṣáà máa tẹ̀ lé mi. Ó ní kí ó máa dáhùn gbogbo ìpè mi láìkanra. Ó ní bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí n dákẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ dópin. Bí mo bá sì bi bàbá mi léèrè, òótọ́ ni kí ó sọ. Ní ti ìyá mi, ó ní bí ara mi bá ti ń gbọ̀n, kí ó ní kí n ká ọwọ́ mi méjèèjì jọ bí ẹni pé igbá ògì gbígbóná ló wà níbẹ̀, kí n máa fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tutù. Mo ti fẹ́ ògì tí kò sí níbẹ̀ tó ìkòkò ńlá mélòó kan lọ́dún yẹn. Láìpẹ́ yìí mo gbọ́ tí dókítà obìnrin kan ń ṣàlàyé lórí rédíò pé a lè kọ́ òbí láti fi eré wo ọmọ tí ojú rẹ̀ ti rí màbo sàn, mo sì dá rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná mi.

Eré bẹ̀rẹ̀. Agolo sàdíìnì ni bàbá mi fi ṣe ọkọ̀ fún mi, ó fi ìdérí ìgò ṣe táyà rẹ̀. Orí iyanrìn iwájú ilé ni à ń jókòó sí. Eré kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Màá gbé òkúta kékeré kan síwájú ọkọ̀, màá pè é ní dírẹ́bà, màá ti ọkọ̀ náà lọ, màá wá dojú rẹ̀ dé, òkúta á yọ bọ́. Màá tún un gbé. Màá tún un dé. Bàbá mi á jókòó, àgbàlagbà tó ń wakọ̀ ńlá, yóò ká ẹsẹ̀ jọ nínú iyanrìn, yóò máa wò mí. Àwọn tó ń kọjá lọ sí odò ń dúró wòran. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìyá àgbà rí eré náà, ó fẹ́ gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ mi. "Àlàó, ṣé o rí ohun tí ọmọ yìí ń ṣe? Ó tún ń pe ibi!" Bàbá mi di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú jẹ́jẹ́. "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ó fẹ́ fi nǹkan hàn mí ni, n kò tíì rí i."

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sì jọ pé ohunkóhun ń yàtọ̀. Bàbá Ráfíù, ọ̀rẹ́ bàbá mi tí wọ́n jọ ń wakọ̀ láti ìgbà èwe, mú ẹnìkan wá láti Òrò tó fẹ́ ra bọ̀lẹ́kájà náà. Ọkùnrin náà yí i po, ó ta táyà nípàá. Bàbá Ráfíù fa bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọ̀rẹ́ mi, má bínú, wọ́n ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ní gáréèjì. Wọ́n ní o ti di ẹlẹgbẹ́ ọmọdé. Ìyàwó rẹ sì ń rù. Tà á, Àláà á pèsè òmíràn." Bàbá mi ní, "Bí mo bá tà á báyìí, ohun tí ọmọ yẹn á gbà gbọ́ ni pé ọkọ̀ náà pa mí lóòótọ́. Jẹ́ kó di ẹ̀yìn Iléyá." Bàbá Ráfíù gbà. Ẹ̀yìn Iléyá kò jìnnà mọ́.

Ọ̀sán ni, oòrùn mú, èlùbọ́ wà lórí ẹní níbi gbogbo. Mo ti dojú ọkọ̀ agolo dé bí ìṣe mi. Mo wá wo òkúta náà, mo wo bàbá mi, mo ní, "Bàbá, ẹ dùbúlẹ̀." Ó dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn. "Ẹ dijú." Ó dijú. "Bí mo bá pè yín, ẹ má dáhùn o." Ó lajú, ó wò mí díẹ̀, ó tún dijú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. "Bàbá! Bàbá! Bàbá o!" Eré ni, mo mọ̀ pé eré ni, síbẹ̀ ohùn mi yí padà lọ́fun mi, ó di ti inú kòtò. Ìyá àgbà tó ń tòògbé lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ ta jí, ó rí ọmọ rẹ̀ gbalaja nílẹ̀, tí mo ń mì í lójìkà. Ó figbe ta, "Yéè! Àlàó! Ẹ gbà mí o!" Ìyá mi ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sáré gbá a mú.

"Ìyá, ẹ dúró, eré ni."

"Eré wo? Ta ní ń fi òkú ṣeré?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀."

Bàbá mi kò mira. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé kò sí iṣẹ́ tí òun ṣe rí tó le tó ìyẹn, kí ìyá ẹni máa ké lórí ẹni, kí a má lajú, nítorí pé a ti ṣèlérí fún ọmọ. Mo pè é títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo wá kúnlẹ̀ sétí rẹ̀, mo ní, "Ó yá, ẹ dáhùn."

"Mo wà ńbí, Dúpẹ́."

Mo ní ká tún un ṣe. A tún un ṣe. A tún un ṣe títí òjìji igi máńgòrò fi dé ọ̀dọ̀ wa, Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, ó ń fi etí ìró nu ojú. Nígbà tó sú mi, mo bi í léèrè ohun tí n kò tíì bi ẹnikẹ́ni rí. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò dáhùn lọ́jọ́ yẹn?"

Bàbá mi dìde jókòó. Iyanrìn wà nínú irun rẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ," ló wí.

"Ẹ gbọ́ mi?"

"Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo gbọ́. Àyà mi há mọ́ sítíárìn, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Mo fẹ́ dáhùn, ohùn kọ̀, kò jáde. Mo ń rò ó pé bóyá mo ti kú, bóyá bí òkú ṣe máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ohùn rẹ nìkan ni mo dì mú. Nígbà tó yá, o dákẹ́." Ó gbọn iyanrìn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìgbà tí o dákẹ́ yẹn ni mo ń rí lójú oorun títí dòní."

"Mi ò dákẹ́ o," mo wí. Inú bí mi pé ó rò bẹ́ẹ̀. "Wọ́n fà mí yọ láti ojú fèrèsé ni. Mo ṣì ń pè yín lórí títì, òjò ló bò ó."

Bàbá mi fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó sunkún. N kò rí i kó sunkún rí, ẹ̀rù kò sì bà mí; ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀rù kò bà mí. Ìyá mi jókòó ti wá lórí iyanrìn, pẹ̀lú èérún iṣu lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà wọlé, ó bu omi jáde nínú abọ́, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ iyanrìn kúrò lórí ọmọ rẹ̀ bí ìgbà tí ó wà ní kékeré. Ó ní, "Àlàó, o ò sọ fún mi. O ò sọ fún ẹnìkankan." Láti ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ títà mọ́. Nígbà tí Bàbá Ráfíù gbé ẹran Iléyá wá fún wa, òun ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ní kí ó lọ sọ fún ará Òrò pé ọkọ̀ kò sí ní títà.

N kò fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí rò pé gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Mo ṣì ń pè, ṣùgbọ́n mo lè jẹun tán kí n tó pè. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ odidi ata kan ṣoṣo sínú ọbẹ̀ mi láìgún un, yóò yọ ọ́ kí n tó jẹ ẹ́; nígbà tó yá, ó fi í sílẹ̀, mo ń fi òkèlè yí i kiri inú abọ́; nígbà tó yá, mo tọ́ ọ wò, ojú mi da omi, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ̀lẹ́kájà. Èmi ni mo ń sọ ibi tí a ó dé. "Lónìí, táyà nìkan." A ó fọwọ́ kan táyà, a ó padà sílé. Nígbà tó ṣe, a jókòó síwájú ọkọ̀ tó dúró, a jẹ ẹ̀wà níbẹ̀, adìyẹ kan dúró lórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn wa, ó ń pariwo. Ọjọ́ tí bàbá mi máa ṣíná ọkọ̀ náà, mo rí i pé kọ́kọ́rọ́ ń jó lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ọkọ̀ ló ń mì í, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò tíì dún. Mo ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ ògì." Ó wò mí. Ó ká ọwọ́ jọ lórí sítíárìn, ó fẹ́ ẹ, èmi náà fẹ́ tèmi. Ìgbà náà ló ṣíná ọkọ̀.

A dé oríta. Lẹ́yìn rẹ̀ a dé Àrándùn, a yí padà. Lọ́jọ́ kan mo ní ká lọ sí Òrò, ìyá mi sì wọ̀ ọ́ pẹ̀lú wa. Bàbá mi ń rọra wà á débi pé alùpùpù ń kọjá wa, wọ́n ń bú wa. Mo di pátákó mú, mo dijú, mo la ọ̀kan. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà. A sọ̀ kalẹ̀. Mo ń wá kòtò náà. Nínú orí mi, ó jìn bí kànga, ó sì dúdú.

"Níbo ló wà?"

"Ibí ni," ni bàbá mi wí, ó nawọ́ sí i.

Ibi tí omi òjò ń gbà kọjá lásán ni. Koríko ti bò ó. Ọmọ ewúrẹ́ kan wà nínú rẹ̀, tó ń jẹun, ẹ̀yìn rẹ̀ sì hàn sókè. Mo wò ó títí. Mo ní, "Ṣé kò ju báyìí lọ?" Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ikùn mú, bàbá mi náà bẹ̀rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lẹ́bàá títì tí à ń rẹ́rìn-ín kòtò. A ra àkàrà ní Òrò, a jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀, a padà wálé kí oòrùn tó wọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó ti Ìyá àgbà lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń jẹ ẹ̀kọ. Ó ń sọ ìtàn ìgbà tó jẹ́ ọmọge fún mi, bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ẹ̀sìẹ́ lọ wo ère, mo sì ń bi í léèrè bóyá àwọn ère náà ní eyín. Nígbà tí mo gbé abọ́ sílẹ̀ ni mo wo abẹ́ igi máńgòrò. Kò sí nǹkan níbẹ̀ àfi adìyẹ àti àmì táyà. Bàbá mi ti gbé ọkọ̀ jáde lọ sí gáréèjì láti ìgbà tí mo ti ń jẹun, ó ti ṣíná, ó ti fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ̀.

"Wẹ ẹsẹ̀ rẹ," ni ìyá mi wí láti ibi ìkòkò. "Agogo ilé-ìwé yóò lù láìpẹ́."

Mo lọ wẹ ẹsẹ̀ mi.